Eyín Cyril àti Àwo Òdòdó Àjíǹde

Àwọn tó ń kó àwo tánganran àtijọ́ jọ ní ìwà kan tó máa ń ya àlejò lẹ́nu. Ẹ gbé àwo tó rẹwà lé wọn lọ́wọ́, wọn ò ní kọ́kọ́ wo òdòdó tí wọ́n yà sójú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n máa dà sókè ná, kí wọ́n ka orúkọ òdòdó náà tí ayàwòrán kọ síbẹ̀ ní igba ọdún sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá gbé etí àwo náà sẹ́nu, tí wọ́n á máa fi eyín iwájú kàn án yí po, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gé e jẹ. Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwo tí kò fọ́ rí le, ó sì tutù. Bí eyín bá kàn án, á dún kó. Èyí tó ti fọ́ tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, tí wọ́n fi ọ̀dà bo ojú àlẹ̀mọ́ rẹ̀, á rọ̀ lẹ́nu bí èékánná, kò sì ní dún rárá.

Ní gbogbo àyíká ìlú Ashbourne nílẹ̀ òyìnbó, eyín Cyril Tunnicliffe ni eyín. Àwọn èèyàn ń gbé àwo wọn láti Leek, wọ́n ń gbé e láti Matlock, kó lè bá wọn fi ẹnu kàn án. Bó bá ní ó pé, ó pé nìyẹn, kò sẹ́ni tó tún ń jiyàn. Nínú ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ àwo tó ń ṣèpàdé ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, "Eyín" ni wọ́n ń pè é, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i ju orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni, kò sì sí eyín kan ṣoṣo tó yọ lẹ́nu rẹ̀. Ojú ló dà á.

Ọdún kẹrin rèé tí ojú náà ti ń lọ, láti àárín síta. Nígbà tó fi di Kérésìmesì tó kọjá, bí Avis ìyàwó rẹ̀ bá dúró níwájú rẹ̀, aṣọ rẹ̀ ló ń rí, kì í rí ojú rẹ̀. Dókítà ní kò sóhun tí wọ́n lè ṣe sí i. Cyril ní ó dáa. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, kò sì ráhùn. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ yẹn kì í ráhùn, ohun tó sì ti ń bí Avis nínú nìyẹn láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan nínú oṣù kẹta, bí wọ́n ṣe ń mu tíì, ni Cyril dá a lábàá.

"Avis, mo ti ronú nǹkan kan. Bí ojú ò bá rí àwọn àwo mi mọ́, ẹnu ò kúkú fọ́. Láti òní lọ, máa gbé mẹ́ta fún mi lójúmọ́. Mo fẹ́ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Kí wọn báwo?"

"Pẹ̀lú eyín. Báwo lo tún rò?"

Avis rọra gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Ṣebí o ti kàn wọ́n nígbà tó o rà wọ́n. Ìwọ náà lo máa ń sọ pé ẹni tó bá ń dán àwo ara ẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, kò fọkàn tán ara ẹ̀ ni."

"Nígbà tí mo lójú nìyẹn. Méjìdínlógún ni gbogbo wọn, ọjọ́ mẹ́fà la máa fi parí ẹ, títí di Ọjọ́ Ajé. Èyí tá a kọ́kọ́ rà la máa fi kádìí ẹ."

Avis yíjú wo pẹpẹ àwo. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rà ni àwo òdòdó Àjíǹde. Òdòdó aláwọ̀ àlùkò kan ni, tó máa ń yọ lórí òkè nígbà ọdún Àjíǹde. Irun funfun wẹ́wẹ́ bo ara rẹ̀ látòkè délẹ̀, àárín rẹ̀ sì pọ́n bí inú ẹyin. Ẹni tó yà á kò fo irun kan ṣoṣo. Àwo náà dúró lórí pẹpẹ lẹ́yìn gíláàsì, ó ń dán, kò sí ojú tó lè rí àbùkù kankan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwo náà ti fọ́ sí mẹ́ta rí, Cyril ò mọ̀, Avis ló sì fọ́ ọ.

Kì í ṣe pé ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, ẹ má kánjú dá a lẹ́jọ́.

Ní oṣù kejì ọdún 1961, Avis bí ọmọ kan nílé ìwòsàn, ọmọ náà ò sì ké. Bí wọ́n ṣe ń ṣe láyé ìgbà yẹn, nọ́ọ̀sì fi aṣọ bo ọmọ, ó gbé e jáde, ó pa ilẹ̀kùn dé. Wọn ò jẹ́ kí Avis rí i. Ó béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, wọ́n ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, pé òmíràn ń bọ̀. Òmíràn náà ò dé. Lọ́jọ́ kejì, Cyril wọlé wá bá a tòun ti nǹkan kan tó fi ìwé ìròyìn wé. Ó tú u, àwo ló wà níbẹ̀. Ó ní òun rà á lánàá níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù ilé olówó kan. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó sì sọ̀rọ̀ nípa òdòdó Àjíǹde fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko. Kò mẹ́nu ba ọmọ lọ́jọ́ náà, kò sì mẹ́nu bà á mọ́ láyé.

Àwo yẹn ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo àwo tó kù. Avis bá a kó wọn jọ, ó bá a nù wọ́n, ó bá a ka orúkọ Látìnì ìdí wọn títí òun náà fi mọ̀ wọ́n sórí. Ó fi ẹ̀dọ̀ lórí òróǹro. Ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ wá ṣèpàdé nílé wọn, Cyril sì ń sọ ìtàn bí òun ṣe rí àwo kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan bi í nípa ti òdòdó Àjíǹde. Avis wà ní kíṣíìnì, ó ń gé kéèkì.

"Èyí?" ni Cyril wí. "Ọjọ́ tí mo ra èyí ni ọjọ́ oríire mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Avis gé kéèkì náà tán, ó gbé e wọlé, ó pín in fún gbogbo wọn, kò sì sẹ́ni tó rí nǹkan kan lójú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, iléeṣẹ́ omi tí Cyril ń bá wọn ṣiṣẹ́ rán an lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ adágún, oṣù kan ló máa lò níbẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ ò tíì dé ìta àdúgbò tí Avis fi ṣí gíláàsì, tó gbé àwo náà lọ sí kíṣíìnì, tó sì là á mọ́ etí síǹkì òkúta. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ là á.

Ìbínú náà lọ kíá, ẹ̀rù ló gba ipò rẹ̀. Ó ṣa àfọ́kù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó dì wọ́n sínú aṣọ ìnura, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Buxton, sọ́dọ̀ Miss Garlick tó ń tún àwo fífọ́ ṣe. Ìyá náà tú aṣọ, ó wo ohun tó wà níbẹ̀ títí.

"Ta ló ṣe iṣẹ́ ibi yìí?"

"Èmi ni."

"Ó bọ́ lọ́wọ́ yín ni?"

"Rárá, mà."

Miss Garlick wo ojú rẹ̀, kò sì béèrè mọ́. "Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ mẹ́ta òní. Kò sí ojú tó máa rí i. Ṣùgbọ́n mi ò ṣèlérí nípa eyín o."

Ọdún kejìlélógún tí Avis ti ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri nìyí. Nígbà tí Cyril lójú, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, nítorí Cyril kì í fi eyín kan àwo tó ti di tirẹ̀. Ojú tó ń lọ yìí ló sọ ohun tó ti sin di ohun tí wọ́n fẹ́ hú síta. Bí Cyril bá mọ̀ pé Avis ló fọ́ ọ, á béèrè ìdí rẹ̀, kò sì sí bó ṣe lè dáhùn láì dárúkọ ọmọ tí wọn ò dárúkọ láti ọdún márùndínláàádọ́ta. Ìyẹn gan-an ló ń bà á lẹ́rù, kì í ṣe àwo.

Mẹ́ta mẹ́ta lójúmọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Avis á gbé àwo lé e lọ́wọ́, á ka orúkọ ìdí rẹ̀ fún un. Cyril á fi orí ìka wá òdòdó náà lójú àwo, nítorí ọ̀dà àwọn àgbà ayàwòrán yẹn máa ń wú díẹ̀, á sì máa tọ ewé rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà á gbé e sẹ́nu. Kó, kó, kó. Á rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀rẹ́ mi àtijọ́," ló sọ fún èyí tí wọ́n ya òdòdó ọsàn sí. "Ṣé o rántí ọkùnrin tó ta èyí fún wa? Tó ní ajá tó ń mu bíà?"

"Ìwọ lo ra bíà fún ajá náà."

"Kó lè jẹ́ ká dúnàádúrà dáadáa ni. Ajá yẹn ló ń fowó kún ọjà mọ́ mi lórí."

Avis rẹ́rìn-ín, kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí inú Cyril ti dùn tó báyìí. Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí Cyril ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, Avis gbé àwo òdòdó Àjíǹde jáde, ó dúró lórí ilẹ̀ òkúta kíṣíìnì, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Kó kàn jù ú sílẹ̀ ni. Kó ní ó yọ̀ lọ́wọ́ òun. Àwo á fọ́ yángá, ọ̀rọ̀ á parí, Cyril á ní ẹjọ́ rẹ̀ kọ́. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí apá fi ń ro ó. Ó dá àwo náà padà sórí pẹpẹ. Ó ní òun ti fọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ti tó.

Nígbà tó di Ọjọ́ Ajé, ó tún gbìyànjú àrékérekè kan, kò sì yẹ kí n bò ó mọ́lẹ̀. Ó gbé àwo mìíràn lé Cyril lọ́wọ́, ó sì ka orúkọ òdòdó Àjíǹde sókè bíi pé ó wà ní ìdí rẹ̀. Cyril fi ìka tọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá àgbà, ojú ni mo pàdánù, kì í ṣe làákàyè. Ewé èyí ti fẹ̀ jù. Ṣé ìwọ náà ò rí mọ́ ni?"

"Mo ṣì í mú ni."

"Gbé ti ọ̀hún wá jàre. Mo ti ń dúró dè é láti Ọjọ́rú."

Avis gbé e wá. Cyril gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, ó fi ìka wá òdòdó náà, ó tọ àwọn irun wẹ́wẹ́ náà lọ. Ó gbé e sẹ́nu. Kó, ó dún. Kó. Ó yí i. Kò dún. Cyril dúró. Ó mú un kúrò lẹ́nu, ó fi ọwọ́ nu etí rẹ̀, ó dá a padà. Kò dún. Ó gbé àwo náà lé orí ìka mẹ́ta, ó fi èékánná ta á, ohùn tó jáde lára rẹ̀ sì kú.

"Wọ́n ti tún un ṣe," ló wí.

Avis ń wo ìka rẹ̀ lára àwo.

"Ó ti fọ́ rí. Láti ibí dé ibí." Ó fi ìka tọ́ ọ̀nà tí àwo náà gbà là láì yà sọ́tùn-ún láì yà sósì, bíi pé ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n là á mọ́ síǹkì. "Iṣẹ́ ọwọ́ àgbà ni. Wọ́n sì tà á fún mi, mo sì gbà á."

"Cyril..."

"Mi ò kàn án lọ́jọ́ yẹn. Mo ti ń sọ fún gbogbo ayé pé kò sí àwo tó wọ ilé yìí tí mi ò fi eyín kàn, mi ò sì kan èyí rárá. Ìsinsìnyí ni mo rántí. Orí mi ò pé lọ́jọ́ yẹn."

"Kí ló ṣe orí ẹ?"

Ó yíjú sí fèrèsé tí kò rí. "Òtútù ń mú," ló wí.

Ẹ wò ó, ìtura ló kọ́kọ́ wọ Avis lára. Ó ti bọ́ nínú ewu. Ẹni tó tà á ti kú tipẹ́, kò sẹ́ni tí wọ́n máa bi. Ó kó ife tíì lọ sí kíṣíìnì, ó fọ̀ ọ́, nígbà tó sì padà dé, Cyril ṣì jókòó bó ṣe fi í sílẹ̀, àwo lórí itan, ọwọ́ méjèèjì lórí àwo. Ìtìjú wá bò ó.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Cyril ní kó kó gbogbo àwo wá lẹ́ẹ̀kan. Ó kàn wọ́n látàárọ̀. Èyí tó dún kó lánàá, ó ní kò dún dáadáa. Ó ní bóyá ọ̀dà wà níbí, bóyá kò sí, òun ò lè sọ mọ́. Ètè rẹ̀ bó níwájú. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ti gbogbo wọn sápá kan.

"Ogójì ọdún ni mo fi ń bá àwọn èèyàn sọ pé ó pé, ó pé," ló wí. "Àwọn kan fi owó ìfẹ̀yìntì wọn ra àwo lórí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Ta ló mọ iye tí mo ṣì?"

"O ò ṣi ìkankan."

"Báwo lo ṣe mọ̀? Pe Howard Pegg fún mi. Ìpàdé wà lọ́túnla, mo fẹ́ kó kọ lẹ́tà kan."

Howard Pegg ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Alápatà ni tẹ́lẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, ọkùnrin sísanra tí kì í lè dákẹ́. Ó dé ní ọ̀sán Ọjọ́rú, aago méjì, ó sì ti ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà.

"Ọ̀gá Eyín, wọ́n ní ẹ fẹ́ kọ̀wé. Ṣé ìwé ìhágún ni? Ẹ má gbàgbé mi nínú ẹ̀ o. Mi ò fẹ́ púpọ̀, àwo mẹ́fà péré ti tó mi."

"Jókòó, Howard. Mú kálámù."

"Àní kí ẹ kàn há eyín fún mi, màá ti di olówó."

"Eyín náà ò dáa mọ́. Kọ ohun tí mo bá sọ."

Avis wà ní kíṣíìnì, ó ń da omi gbígbóná sí tíì, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Ó ń gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀, ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ tó fi máa ń ka ìdíwọ̀n ilẹ̀ fáwọn òṣìṣẹ́ nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́.

"Èmi, Cyril Tunnicliffe, fẹ́ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi lórí àwo kankan kì í ṣe ohun tí ẹ lè gbára lé mọ́. Àwo tí mo kọ́kọ́ rà láyé mi, títúnṣe ni, mi ò sì mọ̀. Gbogbo ẹni tí mo bá ti sọ fún pé àwo ẹ̀ pé, kó gbé e lọ fún ẹlòmíràn yẹ̀ wò. Mo ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín."

"Ọ̀gá," ni Pegg wí, ẹ̀fẹ̀ ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Mi ò lè ka ìyẹn níwájú wọn."

"O máa kà á."

"Ẹ kọ́kọ́ sùn lé e lórí ná. Ẹni tí gbogbo ayé..."

"Kọ ọ́, Howard. Mi ò lè rí i kọ fúnra mi."

Ohun tó fa Avis jáde nìyẹn. Tíì ò tíì pọn, ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó sì di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ọ̀gbẹ́ni Pegg, ẹ gbé kálámù yẹn sílẹ̀. Àwo yẹn pé lọ́jọ́ tó rà á. Èmi ni mo fọ́ ọ."

Pegg wo Avis, ó wo Cyril, ó ká ìwé náà, ó kì í bọ àpò. Ó ní ó dà bíi pé òun gbé omi sórí iná nílé. Gbogbo wọn mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ wà nílé. Ó rọra fa ilẹ̀kùn ìta dé, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí.

"Nígbà wo?" ni Cyril béèrè.

"Nígbà tó o wà níbi adágún. Mo gbé e lọ sí Buxton kó o tó dé."

"Ó bọ́ lọ́wọ́ ẹ."

"Kò bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo là á mọ́ síǹkì."

Ó gbé ojú rẹ̀ sókè síbi tí ohùn ti wá. "Kí ló dé?"

"Torí o ní ọjọ́ tó o rà á ni ọjọ́ oríire ẹ." Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì jẹ́ kó gbọ̀n. "Níwájú ogún èèyàn, Cyril. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹ. Mo wà ní kíṣíìnì níbí yìí, mo ń gé kéèkì fún wọn. Ọjọ́ oríire. Èmi wà lórí ibùsùn lọ́jọ́ yẹn, omi ọyàn ń dà sí mi láṣọ, kò sọ́mọ tó máa mu ún. O wá jókòó tì mí, ò ń sọ fún mi pé òdòdó nírun lára. O ò bi mí bó ṣe ṣe mí. O ò sọ̀rọ̀ ọmọ fún mi títí dòní. Ọdún márùndínláàádọ́ta, mi ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni mo bí tàbí obìnrin."

"Obìnrin ni," ni Cyril wí.

Avis gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò wọlé sí i lára. "Kí lo wí?"

"Obìnrin ni. Mo rí i." Ó ti gbé àwọn ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí itan, ó ká wọn jọ síwájú àyà, ó sì wò bíi pé kò mọ̀ pé òun ká wọn. "Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló fà mí wọ yàrá kékeré kan. Ó ní ọmọ mi ni, kí n gbé e díẹ̀. Mo gbé e. Irun dúdú kún orí ẹ̀. Etí ẹ ló ní, ọ̀kan tó ká wọnú yẹn. Dókítà wá bá wa níbẹ̀, ó jágbe mọ́ nọ́ọ̀sì, ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ó ní bí mo bá fẹ́ kí orí ìyàwó mi pé, mi ò gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan fún un láyé. Ó ní bí o ò bá mọ nǹkan kan, o máa tètè gbàgbé. Dókítà ni, Avis. Ta ni mo jẹ́? Mo gbà á gbọ́."

Avis fi ẹ̀yìn ti férémù. Kò lè jókòó.

"Mi ò lè lọ sílé, ibùsùn ọmọ wà níbẹ̀. Mo wọ bọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ dé, níbi tó já mi sí ni wọ́n ti ń ta ẹrù. Mo ra nǹkan kan ṣáá kí ọwọ́ mi má ṣófo. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹ lọ́jọ́ kejì, mo fẹ́ sọ ọ́. Mo lanu, òdòdó ló jáde. Lẹ́yìn náà mi ò mọ bí mo ṣe lè bẹ̀rẹ̀ mọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, mi ò ṣàwàdà. Ọjọ́ tí mo ra àwo yẹn ni ọjọ́ tí mo gbé e. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo ní pẹ̀lú ẹ̀ nìyẹn."

Avis sunkún. Kò sunkún bí àwọn obìnrin àdúgbò rẹ̀ ṣe máa ń sun ún, pẹ̀lú áńkáṣíìfù lẹ́nu. Ó ké síta, Cyril sì dìde, ó ń fi ọwọ́ wá a nínú yàrá, ó kọlu tábìlì, ó bá a, ó dì í mú. Nígbà tó yá, Avis tì í sẹ́yìn.

"Níbo ni wọ́n gbé e sí?"

Cyril fi ọwọ́ wá etí tábìlì, ó dì í mú.

"O mọ ibẹ̀."

"Mo mọ ibẹ̀. Ìtẹ́ òkú ńlá ìlú, lẹ́yìn, lẹ́bàá ògiri. Nọ́ọ̀sì yẹn ló kọ̀wé sí mi. Òun pẹ̀lú àwọn ọmọ mìíràn ni wọ́n jọ sin, kò sí òkúta lórí wọn. Lóṣù kejì lọ́dọọdún, tí mo bá ní mò ń lọ sí ọjà àwo..."

"Tó o máa ń padà wá lọ́wọ́ òfìfo," ni Avis wí. "Mo máa ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé o rán ara ẹ lọ́jà lásán."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Inú bí Avis débi pé ojú rẹ̀ ṣú. Ọdún márùndínláàádọ́ta ni ọkùnrin yìí fi ń dá lọ kí ọmọ òun. Ó fẹ́ gbá a létí. Ó sì fẹ́ kó tún etí ọmọ náà sọ fún òun, kó tún irun rẹ̀ sọ. Méjèèjì ló ń fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, méjèèjì sì jẹ́ òótọ́.

"Wọ kóòtù ẹ," ló wí.

"Òní? Howard lè fi mọ́tò gbé wa lọ lọ́la. Ojú mi ò..."

"Òní ni, Cyril. Bọ́ọ̀sì aago mẹ́ta ṣì wà. Wàá fi ẹsẹ̀ mọ ibẹ̀."

Ó wọ kóòtù. Avis dè é ní bọ́tìnnì, ọwọ́ rẹ̀ le níbi ọrùn, kò sì rọra ṣe é. Wọ́n fi àwo sílẹ̀ lórí àga, tíì sínú ìkòkò rẹ̀, wọ́n jáde. Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, ó gbé wọn kọjá afárá.

"Ṣé o sọ ọ́ lórúkọ?" ni Avis béèrè.

"Rárá. Kì í ṣe ohun tí mo lè dá ṣe."

Avis wo pápá tó ń sáré kọjá lóde, àgùntàn wà níbẹ̀ tòun tọmọ.

"Méjì ni mo ti yàn sílẹ̀ kí n tó lọ bí i," ló wí. "Ti ọkùnrin kan, ti obìnrin kan. Nígbà tí wọn ò sọ fún mi, mi ò mọ èyí tí mo lè máa pè. Méjèèjì ni mo ń pè láti ọjọ́ yìí, lọ́kàn mi. Mo máa ń rò pé ọ̀kan nínú wọn á gbọ́."

"Kí ni ti obìnrin?"

"Judith."

Cyril pè é lẹ́ẹ̀kan. Ó wá ọwọ́ Avis, Avis sì jẹ́ kó rí i. Ó tún orúkọ náà pè.